Wọ́n sọ mí di súpáfáísọ̀ kí n lè máa kọ orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sílẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Àbẹ̀kẹ́ Ajílété:
Ẹ kú ilé o gbogbo ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí, mi ò kọ nǹkan kan rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ni mò ń bá ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bi mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin. Sítọ́ọ̀ ni mo wà, èmi ni mò ń ka fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì àti náílọ́ọ̀nù wọlé, èmi náà ni mò ń kà á jáde.

Nígbà tí mo débẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ o, àmọ́ ó dùn ún ṣe. Bàbá tó ni ilé iṣẹ́ máa ń wá láàárọ̀, wọ́n á lọ sí ìdí ààrò, wọ́n á bi kálukú léèrè ará ilé ẹ̀. Láti ìgbà tí ara wọn ò ti fi bẹ́ẹ̀ le mọ́ tí wọ́n fi àna wọn ṣe máníjà ni nǹkan ti dojú rú. Owó oṣù tó ń wọlé kí oṣù tó parí wá di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e, ó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tó kọjá yìí ìdajì ni wọ́n san, a ò tíì gbúròó ìdajì tó kù. Tí iná bá lọ lóru tí mísà tó ń po fúláwà dúró, tí jẹnẹrétọ̀ ò tètè ṣí, tí fúláwà tí wọ́n ti pò sílẹ̀ bá wá kan, ara owó àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ni wọ́n ti ń gé e. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́, ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ nìyẹn. Mítìn àárọ̀ Mọ́ńdè, èébú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, èébú ni wọ́n fi ń parí ẹ̀. Tẹ́lẹ̀ orin la máa ń kọ tá a bá ń wé búrẹ́dì ní kùtùkùtù, àwọn dírẹ́bà tó wá gbé ọjà gan-an á máa bá wa gbè é. Ní báyìí ìró náílọ́ọ̀nù nìkan lẹ ó máa gbọ́. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n la jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, èèyàn méje ti lọ.

Ohun tó wá gbé mi débí ni pé Fúráídè tó kọjá máníjà pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní mo ti di súpáfáísọ̀. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo bi í pé èló lowó oṣù á wá jẹ́, ó ní ká ṣì rí iṣẹ́ ọwọ́ mi ná. Ló bá mú nóòtù ẹlẹ́yìn pupa kan jáde, ó ní inú ẹ̀ ni kí n máa kọ orúkọ ẹni tó bá pẹ́, ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́, àti ẹni tó bá ń kùn. Ó ní ó kéré tán òun fẹ́ rí orúkọ márùn-ún lọ́sẹ̀. Nóòtù yẹn wà nínú báàgì mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mi ò tíì fi bírò kàn án.

Ṣé kí n gbà á ni, ṣé kí n dá a padà, àbí kí n kúkú fi iṣẹ́ sílẹ̀? Ọmọ méjì wà nílé ìwé. Bíríkìlà lọkọ mi, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tiwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò yìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì Wàásò:
Fi sílẹ̀ kíá! Ẹ̀mí tó bá wà ló ń náwó. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe tí ò lè rẹ́rìn-ín ńbẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bọ̀ yẹn. Wá sí Under G kóo wá máa ta oúnjẹ fáwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH, tó bá fi máa pé oṣù mẹ́ta oò ní rántí wọn mọ́.

omo_takie:
Àǹtí ẹ má dá wọn lóhùn rárá, ìjọba Ọ̀yọ́ ti ní 80,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù, tí wọn ò bá san tó bẹ́ẹ̀ fún yín ẹ lọ fẹjọ́ wọn sùn, wọ́n á san gbogbo ẹ̀ látẹ̀yìn wá.

Oníyán Under G:
Ìyá Ìbejì ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ tiyín. Èmi ni mò ń gúnyán ní Under G, mo ti ń tà á ńbẹ̀ kí wọ́n tó ti LAUTECH pa ní 2016 wọ 2017. Ẹni tí ò sí ńbẹ̀ nígbà yẹn ò lè mọ ohun tójú wa rí. Ilé tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́, ọjà tí kò ní oníbàárà, iṣu tó wà nílẹ̀ ń jẹrà, mo ta gíráìndà mi kí n tó lè sanwó ilé. Ó dáa lónìí, mo ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó tó lè gbé e fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin láì rí èrè, kó má fi owó oṣù sílẹ̀ wá síbí tìbínú tìbínú. Tó bá wu Àbẹ̀kẹ́ kó wá, kó kọ́kọ́ máa ṣe é ní Sátidé nìkan ná, kó fi mọ bí ọjà ṣe ń lọ.

Ìyá Ìbejì Wàásò:
Oníyán o ò parọ́, mo ti gbàgbé àsìkò yẹn. Síbẹ̀ mo ṣì ní kó kúrò ńbẹ̀.

Alágbàṣe Ọ̀yọ́:
Àbúrò mi, jẹ́ kí n sọ tèmi fún ẹ, má jẹ́ kó ṣe ẹ́. Ilé iṣẹ́ kan ni mo wà ní Ọ̀yọ́ níbí tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ, èmi ni mo máa ń ṣí géètì tí mo máa ń tì í, ọwọ́ mi ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ wà. Máníjà ibẹ̀ bú mi lójú ọmọ mi lọ́jọ́ kan, ọmọ náà wá gba owó súkúù lọ́wọ́ mi, mo da kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì ẹ̀, mo mú ọmọ mi lọ́wọ́, mo jáde. Ó dùn mọ́ mi lọ́jọ́ yẹn gan-an ni, mo rìn láti Òwódé délé, mi ò wọ ọ̀kadà.

Oṣù mẹ́jọ ni mi ò fi ríṣẹ́. Ata tí ìyàwó mi ń tà ní Akẹ̀sán la fi ń jẹun, ó ń jí lọ sọ́jà ní agogo márùn-ún àárọ̀ èmi sì ń sùn, ìtìjú yẹn ò tíì kúrò lára mi dòní. Owó oṣù yẹn mi ò rí i gbà. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbà mí lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n pe máníjà yẹn lórí fóònù, ó ní mo kàn sá lọ ni, ó ní wọn ò tíì rí nǹkan kan tí mo kó lọ, ẹ wo irú ọ̀rọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀. Mi ò kábàámọ̀ pé mo kúrò, bí mo ṣe kúrò ló ń dùn mí. Torí náà máa wá iṣẹ́ látinú iṣẹ́. Tóo bá rí i, kọ lẹ́tà, fún wọn ní oṣù kan, kà gbogbo nǹkan tó wà ní sítọ́ọ̀ lójú ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ìwọ tóo wà nídìí sítọ́ọ̀, ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù, kí wọ́n má baà sọ pé àpò fúláwà kan dín.

Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìntì:
Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe díẹ̀, iṣẹ́ tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún ṣe nìyí kí n tó fẹ̀yìntì. Omo_takie, 80,000 tí ò ń wí yẹn, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi lélẹ̀ fún. Ti gbogbo orílẹ̀-èdè, 70,000 ni, oṣù keje ọdún 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Òfin yẹn sì yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn ò bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀, ó yọ àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe tà ni wọ́n ń sanwó fún wọn náà sílẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Àbẹ̀kẹ́ ní àwọn jẹ́, méje ti lọ, ó ku mẹ́rìnlélógún, ẹ ti rí i pé kò bọ́ sí i mọ́ báyìí, àfi kí wọ́n wo èyí tí wọ́n san nígbà tí wọ́n ṣì pé.

Alágbàṣe, oṣù kan tẹ́ ẹ wí yẹn, ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún sókè ni. Ẹni tó ti lo ọdún méjì tí kò sì tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni òfin ní kó fún wọn, orí ìwé ló sì gbọ́dọ̀ wà. Àwọn náà, tí wọ́n bá fẹ́ dá a dúró, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn náà ni wọ́n máa fún un. Àfi tí lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ bá sọ nǹkan míì. Àbẹ̀kẹ́, ṣé wọ́n fún ẹ ní lẹ́tà? Oṣù mẹ́ta péré lòfin fún agbanisíṣẹ́ láti kọ àdéhùn iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́.

Èyí tó wá wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ ni owó gígé. Abala karùn-ún Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ò fàyè gba fáìnì. Tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tí kò bìkítà tí nǹkan fi bà jẹ́, wọ́n lè gé ìwọ̀nba, àmọ́ ọ̀gá láti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gé e. Iná tó lọ, kí ló kan ọmọ tó ń po fúláwà? Ohun kan sì wà tẹ́nì kankan ò tíì sọ. Òfin yẹn, àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ló wà fún, kò sí fún àwọn tó wà nípò àkóso. Tóo bá gba súpáfáísọ̀ yìí láì sí lẹ́tà, láì sí owó, wọ́n lè fi jiyàn lọ́la pé ọ̀gá ni ẹ́, o ò sí lábẹ́ ẹ̀.

Ṣé wọ́n ń gé owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù yín?

Àbẹ̀kẹ́ Ajílété:
Ẹ ṣé ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ gan-an ni. Bàbá Akọ̀wé, wọ́n fún mi ní lẹ́tà nígbà tí mo wọlé, ó wà nílé, kò sọ nǹkan kan nípa bí èèyàn ṣe ń kúrò. Wọ́n ń gé owó ìfẹ̀yìntì, mo ní nọ́ńbà lọ́dọ̀ PFA, ilé iṣẹ́ tó ń bá wa tọ́jú owó náà, àmọ́ mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rí.

Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìntì:
Yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la. Ilé iṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sókè, dandan ni fún wọn lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014. Ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lára tìẹ, ìdá mẹ́wàá látọ̀dọ̀ àwọn, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ méje lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù kó tó débẹ̀. Ní kí PFA ẹ fi àkọsílẹ̀ àkáǹtì ẹ ránṣẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń gé e fún ọdún méjì tí kọ́bọ̀ kan ò débẹ̀.

Baba T:
Mo ti ka gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀, mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, mo gba irú nóòtù yẹn rí. Ilé iṣẹ́ tèmi náà, ìdí ààrò ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí n máa kọ orúkọ, mo sì kọ ọ́. Lákọ̀ọ́kọ́ àwọn ọ̀lẹ gidi ni mo ń kọ, mo rò pé mò ń ṣe dáadáa. Tó bá wá di pé orúkọ ò pé iye tí wọ́n fẹ́, mo ní láti wá a, ẹni tó rín ẹ̀rín, ẹni tó lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ kan wà ńbẹ̀, kò tíì ju ogún ọdún lọ. Páànù gbígbóná já lé e lọ́wọ́ lóru, ẹran ara ẹ̀ ṣí, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fi báńdéèjì dì í. Agogo mẹ́jọ ló yẹ kó dé lọ́jọ́ kejì, ó dé ní mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógún. Mo kọ orúkọ ẹ̀. Ó dúró síwájú mi ó ń wò bí mo ṣe ń kọ ọ́, kò bẹ̀ mí, kò sọ nǹkan kan, ó kàn fi ọwọ́ kan tó kù so épúrọ̀ọ̀nù ẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan ní gáréèjì ní Ìlọrin, ó kí mi dáadáa, ó ní ẹ káàsán ọ̀gá, mi ò lè wo ojú ẹ̀.

Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n má ju nóòtù yẹn nù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kóo máa kọ síbẹ̀, agogo tí iná lọ, agogo tí jẹnẹrétọ̀ tàn, àpò mélòó ló bà jẹ́, kí ló fà á. Tó bá béèrè orúkọ, fi ìyẹn hàn án.

Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìntì:
Baba T, ẹ kú ọkàn. Ẹ jẹ́ káwọn tó ń kà á mọ̀ pé ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, òfin 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí i, nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Olómi Ráńdà:
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́, píọ́ wọ́tà ni mò ń ṣe, èèyàn mẹ́sàn-án ló wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò gbè sẹ́yìn máníjà yẹn o. Àmọ́ owó oṣù tó pẹ́, nígbà míì kì í ṣe ìkà. Àwọn onísọ́ọ̀bù á gba ọjà ní àwìn, wọ́n á ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó ń ta dísẹ́ẹ̀lì fún mi ò sì gba ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi pé mi ò lè sanwó títí di ọjọ́ kejìlá. Ohun tí mo ṣe ni pé mo pè wọ́n jọ lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kí ó tó pẹ́ rárá, mo ṣí ìwé àwìn sílẹ̀ fún wọn, mo ní báyìí lọ̀rọ̀ rí, ọjọ́ báyìí ni màá san. Ẹnì kankan ò lọ.

Àbẹ̀kẹ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ bá bàbá, ẹ má fi ti èébú bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ti àpò fúláwà bẹ̀rẹ̀. Èèyàn méje tó lọ yẹn, gbogbo wọn ló ti mọ iṣẹ́, ẹni tuntun tí wọ́n bá gbà á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ba nǹkan jẹ́ kó tó mọ bí ààrò ṣe ń ṣe. Onílé iṣẹ́ á gbọ́ ìyẹn kíákíá.

omo_takie:
Ọ̀gá Olómi, gbogbo yín lẹ máa ń sọ pé ọjà ò lọ, síbẹ̀ ẹ ń ra mọ́tò.

Olómi Ráńdà:
Ọmọ mi, ọ̀kadà ni mò ń gùn. Àmọ́ mo gbọ́ ẹ, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà.

Ìyá Ìbejì Wàásò:
Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, àmọ́ ẹ ti gbàgbé pé àna bàbá ni. Ọmọ ẹni ò lè ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Tó bá lọ fẹjọ́ sùn, ọ̀la ni wọ́n máa lé e.

Baba T:
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ dá lọ. Kó mú ẹni tó ti pẹ́ jù ńbẹ̀, kó mú àgbà obìnrin kan, kí wọ́n gba ọ̀dọ̀ ìyàwó bàbá wọlé. Kí wọ́n lọ kí bàbá torí àìsàn wọn lákọ̀ọ́kọ́, ó tiẹ̀ yẹ kí wọ́n ti lọ.

Alágbàṣe Ọ̀yọ́:
Kí ó sì máa wá iṣẹ́ lọ o. Mo tún un sọ.

Àbẹ̀kẹ́ Ajílété:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe lọ.

Mo kọ lẹ́tà sí máníjà pé mo dúpẹ́ o, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kí n dúró sí ìdí sítọ́ọ̀ mi. Mo ya fọ́tò ẹ̀ kí n tó fún un. Ó kà á, ó ní màá rí i. Mo sì ń kọ nóòtù yẹn bí Baba T ṣe wí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ̀kan síbí: "Túsídè, iná lọ ní 1:20 òru. Bátìrì jẹnẹrétọ̀ ti kú, wọ́n lọ tú ti ọkọ̀ tó ń pín ọjà. Ó tàn ní 2:45. Fúláwà àpò kan àtààbọ̀ ló kan." Nígbà tí mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, àpò méje ló ṣòfò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, márùn-ún nínú ẹ̀ torí bátìrì yẹn ni. Orúkọ èèyàn kankan ò sí ńbẹ̀.

Sọ́ńdè tó kọjá èmi, àgbà tó wà nídìí ààrò àti ìyá tó ń fọ páànù lọ kí bàbá nílé. A mú ọsàn dání. Ìyàwó wọn ló gbà wá. Bàbá ti rù o, omi bọ́ lójú mi. A kí wọn tán, àgbà yẹn ló sọ̀rọ̀, ó fara balẹ̀, ó fi ti fúláwà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé orí ìdajì owó oṣù, bàbá dìde jókòó, wọ́n ní wọ́n sọ fún àwọn pé gbogbo owó ti pé. Wọ́n ò pariwo. Wọ́n kàn ní ká tún un sọ.

Wẹ́sídè, ìdajì tó kù wọlé. Bátìrì tuntun ti dé. Wọ́n ní kí wọ́n má gé owó ẹnikẹ́ni torí iná mọ́. Ti ẹni tó bá pẹ́, wọn ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Máníjà ṣì wà ńbẹ̀, kì í dá mi lóhùn tí mo bá kí i, ó ti gbé mi kúrò ní sítọ́ọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wé búrẹ́dì. Kí n tó lọ, mo ka gbogbo ọjà lójú ẹni tó gbà á, a jọ fọwọ́ sí i, Ẹ̀gbọ́n Alágbàṣe ẹ ṣé. Èèyàn kan tún ti lọ lẹ́yìn ìyẹn. Orin ò tíì padà.

PFA mi ti dá mi lóhùn. Ó ti tó oṣù mọ́kànlá báyìí tí nǹkan kan ti débẹ̀ kẹ́yìn, wọ́n sì ń gé e lóṣooṣù. Mo ti mú lẹ́tà ìwáṣẹ́ lọ sí ilé ìwé méjì tó ń wá ẹni tó máa wà ní sítọ́ọ̀.

Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìntì:
Má jẹ́ kí oṣù mọ́kànlá yẹn lọ. Kọ ẹ̀sùn sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì, fi àkọsílẹ̀ PFA àti ìwé owó oṣù ẹ sí i, kó tó di pé oò sí ńbẹ̀ mọ́. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ náà ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn, mo mọ bí ọ̀nà Ọ̀yọ́ yẹn ṣe rí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pé mẹ́ta mẹ́rin ẹ lè dá owó ọkọ̀ jọ kí ẹnì kan gbé ìwé gbogbo yín lọ. Èmi á bá ẹ ka lẹ́tà náà kóo tó fi ránṣẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Ajílété:
Ẹ ṣé sà. Èèyàn márùn-ún ti ní àwọn náà á béèrè lọ́wọ́ PFA wọn. Màá kọ ọ́ lálẹ́ yìí.

Oníyán Under G:
Nóòtù pupa yẹn ńkọ́? Ó ti wá dọwọ́ ta?

Àbẹ̀kẹ́ Ajílété:
Ó wà lọ́dọ̀ bàbá. Mo fẹ́ gbà á padà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, wọ́n ní kí ìyàwó wọn lọ bá wọn mú awò ojú wọn wá.